Iná Bátìrì Tó Ń Pọ́n Nínú Ọkọ̀: Kí Ló Ń Wí Fún Wa?

Ẹ̀kọ́ tí a ṣe kẹ́yìn dá lórí ìwé owó-orí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ jọ sọ, pàápàá iná pupa kékeré kan tó ní àwòrán bátìrì, èyí tó máa ń tàn lójú dáṣíbọọ̀dù.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé àwa tí a máa ń bá yín ka ìwé báńkì wá ń sọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. A kì í ṣe mẹkáníìkì. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tí a kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdílé bá kó ìwé ìnáwó wọn wá sọ́dọ̀ wa, tí a bá yọ owó ilé kúrò, ọkọ̀ la sábà máa ń bá nídìí gbèsè. Ní Prince George's County níbí, ẹni tí kò bá ní ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Lóòótọ́ Metro wà ní New Carrollton àti ní Landover, bọ́ọ̀sì náà sì wà. Àmọ́ ẹni tó ń jáde níṣẹ́ lóru, tó sì tún gbọ́dọ̀ gbé ọmọ lọ síléèwé láàárọ̀, ọkọ̀ lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kú, iṣẹ́ lè bá a lọ.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan láàrin wa

Ní ìgbà òtútù kan tó kọjá, ìyá kan nínú àwọn tó ń wá sí ìpàdé wa ń rí i pé iná bátìrì ń ṣẹ́jú láàárọ̀ bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí ọkọ̀. Á tàn, á kú, á tún tàn. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ń han bí ọmọ ológbò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyá yìí ń ṣe, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìhà Silver Spring. Ọmọ mẹ́ta ló ń dá tọ́. Kò ráyè. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń wo iná yìí níran.

Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ fún un pé, "Àǹtí, ṣé àwòrán bátìrì kọ́ ni wọ́n yà síbẹ̀ ni? Bátìrì yín ló ti kú nù un. Ẹ ra tuntun." Ó ra tuntun, $190. Ọkọ̀ ń ṣíná wẹ́rẹ́. Iná pupa ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ní, "Bátìrì tuntun ni, kò séwu."

Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ó wà lórí Beltway, ó ń lọ síbi iṣẹ́, iná pupa bá tàn, kò sì kú mọ́. Ó ń wa ọkọ̀ lọ. Rédíò dákẹ́. Iná iwájú ọkọ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí iná àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa súnmọ́ exit Kenilworth Avenue, ẹ́ńjìnì kú pátápátá. Ó rọra darí ọkọ̀ sí etí ọ̀nà. Kò sí iná iwájú, kò sí iná ẹ̀yìn, trafíkétọ̀ ò ṣẹ́jú. Ọkọ̀ dúdú nínú òkùnkùn, tírélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ ń mì. Ẹ̀rù bà á láti pe ẹnikẹ́ni, torí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde nígbà náà. Ìgbà tí arákùnrin kan fi máa ti Bowie dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti kú fún òtútù. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

A gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó sọ ọ́. Ohun tó ní ká sọ fún yín ni pé, "Ẹ wí fún wọn pé iná yẹn ti ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni mi ò gbédè."

Ẹ jẹ́ ká wá kọ́ èdè náà.

2. Àmù, ẹni tó ń pọnmi, àti ẹni tó ń bu omi

Bátìrì dà bí àmù tó wà ní ẹ̀yìn ilé. Kì í ṣe orísun omi. Ó kàn ń gba omi pamọ́ ni. Gbogbo ará ilé ní ń bu nínú rẹ̀: iná iwájú, wáípà, hítà, rédíò, ẹ̀rọ tí ń fa epo, àti kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì.

Ta ló wá ń pọnmi sínú àmù? Òun ni wọ́n ń pè ní alternator. Àwọn riwáyà nílé mọ̀ ọ́n dáadáa. Bẹ́ẹ̀tì rọ́bà kan ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí, bẹ́ẹ̀tì á yí alternator, alternator á sì máa ṣe iná. Iná yẹn ló ń bọ́ gbogbo ọkọ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń padà sínú bátìrì. Michael Faraday ló ṣàwárí nílùú London ní 1831 pé bí òòfà àti wáyà bá ń rìn kọjá ara wọn, iná mànàmáná á jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yín lónìí kò yàtọ̀ sí i.

Bátìrì olójé fúnra rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ló ṣe é ní 1859. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ti ọkọ̀ wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí volt 2.1. Ẹ fi mẹ́fà sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 12.6. Ẹ rántí nọ́ńbà yẹn, a máa padà sórí rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ bátìrì gan-an nígbà náà? Iṣẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ jù ni láti yí kíkì ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńjìnì lè jí. Láyé àtijọ́, irin ni wọ́n fi ń fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì níwájú ọkọ̀, ó sì ń ṣẹ́ àwọn èèyàn lápá. Ìgbà tí Charles Kettering ṣe kíkì oníná, tí Cadillac sì fi sínú ọkọ̀ wọn ti 1912, ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dópin. Bí ẹ́ńjìnì bá ti jí, ó yẹ kí bátìrì sinmi, kí alternator gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ kókó ẹ̀kọ́ yìí. Iná pupa yẹn kì í sọ pé, "Àmù ti fọ́." Ohun tó ń sọ ni pé, "Ẹni tó ń pọnmi kò dé mọ́, ẹ sì ń bu omi lọ." Bí ẹ bá ra àmù tuntun tó kún dẹ́nu, ẹ ó rí omi lò fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ bí kò bá sí ẹni tó ń pọn sí i, òun náà á gbẹ. Ohun tó ṣe ìyá wa nìyẹn. Bátìrì tuntun kì í tún alternator ṣe. Ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ni.

3. Ìgbà wo ló yẹ kí iná náà tàn?

Ó yẹ kó tàn nígbà kan ṣoṣo: bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON tí ẹ kò tíì ṣíná. Ó ń fi hàn pé ojú òun là ni. Bí ẹ́ńjìnì bá jí, kó kú láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ tàn rárá ní ON, ìyẹn náà kò dáa, torí ẹ̀ṣọ́ tó ti sùn lọ kò lè pariwo olè.

Bó bá tàn tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé ó ń ṣẹ́jú lásán, ẹ má fojú di í. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ iná aláwọ̀ ọsàn tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì. Ìyẹn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀ aláàbọ̀ iná àti epo, irú bíi Prius, ọ̀pọ̀ wọn kò ní alternator, ẹ̀rọ mìíràn ló ń ṣe iṣẹ́ náà láti ara bátìrì ńlá. Ṣùgbọ́n bátìrì kékeré oní-volt 12 ṣì wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ náà sì wà. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn tó nípọn nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè pani.

4. Kí ló lè fà á?

a) Bẹ́ẹ̀tì. Ó lè ti gbó, kó dẹ̀, kó máa yọ̀, tàbí kó já. Igbe bí ti ológbò láàárọ̀ òtútù, tàbí nígbà òjò, òun ló sábà máa ń jẹ́. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀tì yìí kan náà ló ń yí ẹ̀rọ tí ń fa omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù. Bó bá já, iná kò sí, omi náà kò sí. Ẹ́ńjìnì lè gbóná kó bàjẹ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

b) Orí bátìrì. Bí funfun tàbí àwọ̀ ewé bí ìpẹtà bá bò ó, tàbí kó máa mì, iná kò ní lè wọlé dáadáa. Èyí ló rọrùn jù láti tún ṣe. Ó lè máà ju omi gbígbóná, sódà ìyẹ̀fun àti búrọ́ọ̀ṣì lọ.

c) Alternator fúnra rẹ̀, tàbí ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń díwọ̀n iná. Ó máa ń gbó bọ́dún bá ti gorí ọdún.

d) Wáyà tàbí fíùsì. Eku a máa jẹ wáyà níbí, pàápàá nígbà òtútù tí wọ́n bá wá yá ooru lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

e) Bátìrì. Lóòótọ́, òun náà lè bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé òun la kọ kẹ́yìn.

5. Bó bá tàn lójú ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣirò. Ká ní bátìrì yín gba ampere 60 fún wákàtí kan. Ká ní lóru, pẹ̀lú iná iwájú àti hítà, ọkọ̀ ń jẹ ampere 40. Ẹ fi 40 pín 60, ó jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó lè lo bátìrì gbẹ tán kó tó kú, bátìrì tó sì ti lo ọdún mélòó kan kì í kún dẹ́nu. Ẹ pín in sí méjì: ìṣẹ́jú 45, ó sì lè máà tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo àkókò tó kù fún yín nìyẹn. Nítorí náà:

Àkọ́kọ́, ẹ wo gọ́ọ̀jì ooru ẹ́ńjìnì. Bó bá ń gòkè, tàbí bí iná ooru náà bá tàn, bẹ́ẹ̀tì lè ti já. Ẹ wá ibi tí kò léwu, kí ẹ dúró, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìkejì, bí kò bá gbóná, ẹ pa gbogbo ohun tí kò pọn dandan: hítà, rédíò, ìjókòó tí ń móoru, gíláàsì ẹ̀yìn tí ń yọ́ yìnyín, fóònù tó ń gba iná. Iná iwájú kọ́ o! Ẹ má pa ìyẹn lóru.

Ìkẹta, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní exit tó bá kọ́kọ́ yọjú. Ẹ má sọ pé, "Ẹ jẹ́ n kàn dé ibi iṣẹ́." Ó sàn kí ọkọ̀ kú níbi tí iná wà, lójúde ilé epo tàbí ní pákì ilé ìtajà bíi Woodmore Towne Centre, ju kó kú lórí Beltway tàbí US 50 lọ.

Ìkẹrin, ẹ má pa ẹ́ńjìnì títí ẹ ó fi dé ibi tó dáa, torí ó lè máà jí mọ́. Ọwọ́ ìdarí lè le, kí ẹ dì í mú dáadáa.

Ìkarùn-ún, bó bá kú lórí Beltway, ẹ fà á sí apá ọ̀tún tó jìnnà jù, kí ẹ tan trafíkétọ̀ méjèèjì. Ẹ má dúró síwájú ọkọ̀ tàbí sẹ́yìn rẹ̀. Bí irin ìdábùú bá wà létí ọ̀nà, tí ẹ sì lè gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tún jáde láìséwu, ẹ kọjá sẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ de bẹ́líìtì. Bó bá jẹ́ pé àárín ọ̀nà ló kú sí, 911 ni kí ẹ pè. Bí ẹ bá wà létí ọ̀nà márosẹ̀, ẹ pe #77 lórí fóònù. Ìpínlẹ̀ Maryland ní àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní CHART, tó ń rìn kiri láti ran ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́wọ́, wọn kì í sì gbowó. Ohun tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ yín ni kí ọ̀nà lè là, kí ẹ̀mí má sì bọ́. Ẹ̀mí yín ṣáájú ohunkóhun. Ẹ má jókòó sínú òkùnkùn nítorí ìbẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ èyí fún ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín dáa: láti October 1, 2022, òfin Maryland ní kí ẹ bọ́ sí ìlà kejì bí ẹ bá rí ọkọ̀ èyíkéyìí tó dúró tó ń ṣẹ́ iná ìkìlọ̀, kì í ṣe ti ọlọ́pàá nìkan. Bí ẹ kò bá ráyè bọ́ sí i, ẹ dín eré kù.

6. Òtútù Maryland kì í ṣe ọyẹ́ ilé

Nílé, ooru ló ń pa bátìrì díẹ̀díẹ̀. Níbí, ooru July á ti jẹ ẹ́ ní inú, òtútù January á wá tú àṣírí. Bí ó bá tutù dé ibi tí omi ti ń dì, agbára bátìrì láti yí kíkì ti dín kù gan-an. Bó bá dé 0 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ó lè ku ìdajì. Àsìkò yẹn gan-an sì ni ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì ki, tó jẹ́ pé agbára púpọ̀ ni kíkì nílò. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ "kọ́-kọ́-kọ́" láàárọ̀.

Bátìrì tó kún kì í tètè dì, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbẹ lè dì gbagidi. Bí ikùn rẹ̀ bá wú tàbí tó sán, ẹ má so wáyà mọ́ ọn rárá. Ó lè bú gbàmù.

7. Ìdánwò tí ẹ lè ṣe fúnra yín

Ẹ̀rọ tí ń wọn volt kò wọ́n. Ẹ fi pupa rẹ̀ kan orí bátìrì tó ní àmì +, kí ẹ fi dúdú kan èyí tó ní àmì −.

Bí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú: 12.6 dáa, ó kún. 12.2 túmọ̀ sí nǹkan bí ìdajì. 12.0 sí ìsàlẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́: ó yẹ kó wà láàrin nǹkan bí 13.5 sí 14.7. Bó bá dúró sí 12 tó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń pọnmi ti lọ nìyẹn. Bó bá kọjá 15, ó ń pọn ju bó ti yẹ lọ, ìyẹn náà ń ba bátìrì jẹ́.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní agbègbè wa ń yẹ bátìrì àti alternator wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó náwó.

Ìkìlọ̀ pàtàkì kan wà fún àwọn bàbá wa. Nílé, àwọn riwáyà a máa yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, láti wò ó bóyá ọkọ̀ á kú. Ọkọ̀ ayé àtijọ́ lè gbà á. Ọkọ̀ òde òní kún fún kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, iná lè ru sókè lójijì, kó jó ohun tó níye lórí ju alternator lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò.

Ohun mìíràn nìyí. Bí bátìrì bá yọ kúrò, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gbàgbé àyẹ̀wò tó ti ṣe. Bí ẹ bá gbé e lọ fún àyẹ̀wò èéfín VEIP kété lẹ́yìn náà, wọ́n lè dá a padà. Ẹ kọ́kọ́ wà á fún ọjọ́ mélòó kan.

8. Bí ẹ bá fẹ́ fi bátìrì ẹlòmíràn jí tiyín

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mu sìgá nítòsí, torí gáàsì tó ń jáde lára bátìrì a máa gbiná. Ẹ pa ọkọ̀ méjèèjì. Ẹ tẹ̀lé e báyìí:

Wáyà pupa sí + bátìrì tó kú.
Orí kejì pupa sí + bátìrì tó dáa.
Wáyà dúdú sí − bátìrì tó dáa.
Orí kejì dúdú sí irin ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tó kú, ibi tí kò ní ọ̀dà, tó jìnnà sí bátìrì.

Ẹ ṣíná sí ọkọ̀ tó dáa, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tó ṣíná sí èkejì. Bó bá jí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kí ẹ tú u. Ẹ sì rántí: bí iná pupa bá ṣì ń tàn lẹ́yìn tó jí, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ilé mẹkáníìkì ló kàn, kì í ṣe ibi iṣẹ́.

9. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì: ẹ̀tọ́ yín ní Maryland

Ibi tí owó ìyá wa ti bọ́ jù rèé. Wọ́n sọ fún un lẹ́nu pé $480 ni alternator àti bẹ́ẹ̀tì máa jẹ. Nígbà tó lọ gbé ọkọ̀, wọ́n ní $790, wọ́n ní àwọn tún rí nǹkan míì ṣe. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bá san án.

Òfin Maryland lórí ilé iṣẹ́ tí ń tún ọkọ̀ ṣe fún wa ní ẹ̀tọ́ wọ̀nyí, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níbi tí oníbàárà á ti rí i:

Bí iṣẹ́ bá máa ju $50 lọ, ẹ lè béèrè pé kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sọ ni "written estimate". Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ náà, torí àwọn ló sábà ń bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Bí wọ́n bá ti kọ ọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e lórí, àfi bí ẹ bá fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ tí ẹ kò ní kí wọ́n ṣe, wọn kò gbọ́dọ̀ gbowó rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ gbà.

Ẹ̀yà àlòkù tí wọ́n yọ, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbà á padà, àfi èyí tó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é nítorí àdéhùn ìdánilójú. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀.

Ẹ béèrè bákan náà iye tí wọ́n ń gbà láti yẹ ọkọ̀ wò, kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ọ́fíìsì Attorney General ti Maryland ń gba ẹ̀sùn, wọ́n sì máa ń báni dá sí i. Ẹ kó ìwé yín wá, a ó bá yín kọ ọ́.

10. Ìṣirò

Ohun tí ìyá wa ná nìyí:

Bátìrì tuntun: $190
Ọkọ̀ tó wọ́ ọkọ̀: $140
Owó mẹkáníìkì: $790
Alẹ́ méjì tí kò lè lọ síṣẹ́, wákàtí 16 ní $20: $320
Àpapọ̀: $1,440

Ká ní ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì gba ìwé $480, iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà láìtún bi í ni $528. Ẹ yọ 528 kúrò nínú 1,440: $912 ló ṣòfò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò dáa nígbà yẹn, kí owó náà tún kéré sí i. A kò ka ẹ̀mí rẹ̀ mọ́ ọn o, torí a kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìyẹn sínú ìwé ìṣirò.

Kí a tó parí, bí ẹ bá ra bátìrì tuntun, ilé ìtajà sábà máa ń gba owó ìdógò lé e, wọ́n á sì dá a padà bí ẹ bá gbé ti àtijọ́ wá. Ẹ gbé e lọ. Òjé àti ásíìdì ló wà nínú rẹ̀. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àwọn ará Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, mọ bí èéfín rẹ̀ ti rí. Ẹ má fi í sílẹ̀ sí gáréèjì níbi tí ọmọ lè fọwọ́ kàn.

Ìbéèrè fún ìdílé

1. Kí ni iná pupa bátìrì ń sọ: pé àmù fọ́ ni, àbí pé ẹni tó ń pọnmi kò dé?
2. Kí nìdí tí bátìrì tuntun fi lè tàn wá jẹ fún ọjọ́ mélòó kan?
3. Bí iná náà bá tàn lórí Beltway lóru, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ wò? Kí ni ẹ ó pa? Níbo ni ẹ ó yà sí?
4. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì wo ni ẹ ó sọ kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan ọkọ̀?
5. Ta ni nínú ilé yín tó mọ ọdún tí ẹ ra bátìrì tó wà nínú ọkọ̀?

Ẹni tó bá dáhùn márààrún, ó ti káwé. Ẹni tí iná tiẹ̀ ti ń ṣẹ́jú lọ́wọ́lọ́wọ́ kó má dúró de ìpàdé tó ń bọ̀. Kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́la.

Ọkọ̀ kò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. A ó máa jáde ire, a ó máa wọlé ire. Ó dìgbà.